Ulé Ni Yèyé Mi Sọ

Ìbùkún, dúró ná. Ohun tí o kà padà fún mi yẹn kì í ṣe ohun tí mo sọ. O kọ "ilé". N kò sọ ilé. Ulé ni mo sọ. Pa á rẹ́, kí o tún un kọ. Bí ó bá jẹ́ fóònù yẹn ló ń yí i padà, gbé e sílẹ̀, lọ mú bírò àti ìwé wá. Mo lè dúró.

Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ yín ní ilé-ìwé pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwa tí wọ́n bí sí Adó nígbà náà. Uṣu la gbìn, uyán la gún, ulé la sì ń darí sí nírọ̀lẹ́. Ní ibòmíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí ẹni tí kì í ṣe ará Èkìtì lè rí i kà. Ṣùgbọ́n níbi tí Yèyé mi bá ti la ẹnu, ulé ni kí o kọ. Torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe pè ọ́ jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ tó kù tí wọ́n máa ka èyí fún, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀ ní Òkè-Ìlá ti dé ojúde wa. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Ibojì Yèyé mi wà ní ojúde náà, níbi tí igi ọsàn wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀. A fẹnu kò pé a ó gbé e lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì ṣe òkúta tuntun lé e lórí. Ọkùnrin tó ń fín òkúta náà ní kí a mú ọ̀rọ̀ tó máa wà lára rẹ̀ wá kó tó di Sátidé, torí bí òun bá ti fín in tán, kò sí àtúnṣe. Àbúrò mi, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Bàbá Tìṣà, kọ tirẹ̀ wá: orúkọ Yèyé, Lìdíà, àti lábẹ́ rẹ̀, "Ó ti lọ sí ilé Baba rẹ̀." Mo ní ulé ni. Ó ní ilé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi bá ara wa fa á.

Ọ̀rọ̀ náà ti parí lánàá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe parí, kí ẹnì kan nínú yín má bàa rò pé àṣìṣe ni, kí ó wá gbé irin lọ tún un ṣe lẹ́yìn tí èmi náà bá ti lọ.

Aṣọ ni Yèyé mi ń wun. Ẹ kò rí irú òfì rẹ̀ rí. Kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin, èyí tí òwú rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ sílẹ̀. Òfì obìnrin, òró ló ń dúró, wọ́n fi igi ró o mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, Yèyé á sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kíjìpá ló ń wun níbẹ̀, aṣọ òwú tó nípọn, tí ìyá ń lò tí ọmọ tún ń lò lẹ́yìn rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní apasà, òun ló fi ń gbá òwú mọ́lẹ̀ kí aṣọ lè ki, á sì dún: Gbà. Á tún fa òwú kọjá. Gbà. Bí a bá ń bọ̀ láti odò tí a sì gbọ́ apasà, ọkàn wa á balẹ̀. Yèyé wà nílé, oúnjẹ wà nílé.

Ìró nìkan lẹ bá fi mọ àdúgbò wa nígbà náà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, odó á máa dún láti ojúlé dé ojúlé, a sì mọ odó oníkálukú. Ti ìyàwó kékeré tó wà lójúlé kejì máa ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ti Yèyé tèmi máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún gbé ọmọrí odó sọ, torí ó ń gbàdúrà sínú iyán náà ni. Lónìí ẹ̀rọ ló ń gún un fún yín. Ó ń ké bí ọ̀kadà tó ń gun òkè, ẹ sì ń jẹ ẹ́ láìsí àdúrà kankan nínú rẹ̀. N kò bá yín jà. Iyán náà dùn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Kí a tó jí láàárọ̀ ló ti máa ń dárúkọ wa fún Ọlọ́run, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí èmi àkọ́bí títí dé orí èyí tó kú ní kékeré. Kò yọ ọ́ kúrò rí. Á dárúkọ bàbá wa, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, oko ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò dí i lọ́wọ́. Á tún gbàdúrà fún ewúrẹ́ ìyá kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó nídìí. Yèyé máa ń fi ẹ̀kọ pa òwú lára kí ó lè le, ewúrẹ́ yìí sì fẹ́ràn òwú ẹlẹ́kọ ju koríko lọ. Ní ọjọ́ kan ó gbé odindi òwú kan mì, ó sì ń sá lọ, tí ìdí òwú náà ṣì wà lọ́wọ́ Yèyé. Yèyé kò jù ú sílẹ̀. Ó tẹ̀ lé e, ó ń ká òwú rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọjà Ọba. Gbogbo ọjà ló ń wò wọ́n. Ó gba òwú rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Ó wun ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó bẹ Ọlọ́run kí ó fún ewúrẹ́ náà ní làákàyè.

Irú ọwọ́ tó fi di òwú mú yẹn ló fi di gbogbo nǹkan mú. Ẹ fi sọ́kàn bí mo ṣe ń lọ.

Nígbà tí Yèyé gba ìgbàgbọ́, ó ti bí ọmọ mẹ́rin. Kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún àgbàlagbà, wọ́n máa ń ṣe ìdánwò fún un, Katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìjọ, ló sì ń ṣe é. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà wá láti etí òkun lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bí ìwé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn gbà pé bí ó ṣe wà nínú ìwé ni Ọlọ́run ṣe ń gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì dáhùn bí ó ṣe kọ́ wọn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé nígbà tí o bá parí iṣẹ́ rẹ láyé, níbo lò ń lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni ilé Baba mi.

Ó kan Yèyé. Ó dáhùn gbogbo tókù láìkọsẹ̀. Ó wá kan èyí tó kẹ́yìn.

"Ulé Baba mi," ni ó wí.

Katikíìsì ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ, ulé. Katikíìsì ní ilé ni, kì í ṣe ulé. Yèyé ní, "Hẹn, ulé náà ni mo sọ." Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Katikíìsì pa ìwé dé, ó ní kí ó lọ kọ́ ọ, kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ulé lójú odò. Obìnrin kan tó ti yege á bi í pé, "Ìyá Ulé, ṣé ẹ ò tíì délé?" Yèyé á ní òun wà lọ́nà, kí wọ́n bá òun gbé ìkòkò kaná.

Àbúrò mi ló ká lára jù. Òun ló ń lọ sí ilé-ìwé nínú wa. Èmi kò lọ, torí òfì nílò ọwọ́ kejì, èmi ni mo ń ran òwú. Mo ti dárí ji òfì. Àbúrò mi wá sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ fún Yèyé. Bí ó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á mú igi kékeré kan, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, á ní kí Yèyé fẹ ẹnu, kí ó má ká ètè jọ. Ó ní kí ó máa sọ ọ́ bí apasà ṣe ń lọ. Ilé, gbà. Ilé, gbà. Yèyé á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Tìṣà, ó ti rẹ apasà." Ibẹ̀ ni orúkọ tí ẹ ń pè é títí dòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún yí po. Yèyé tún padà lọ sórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò mi dúró sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fẹ ẹnu kí Yèyé lè rí i. Yèyé sì rí i. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ojú Katikíìsì, ó ní, "Ulé Baba mi." Katikíìsì tún pa ìwé dé, àbúrò mi sì sunkún dé ilé.

Ẹ ó rò pé ahọ́n rẹ̀ ló wúwo. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti odò, mo sì gbọ́ ohùn kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé, gbà. Ilé, gbà. Ó mọ́ kedere, bí ẹni tí wọ́n bí sí ilé Katikíìsì. Mo yọ ojú, Yèyé nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ní, "Yèyé, ẹ lè sọ ọ́." Kò yíjú kúrò lára òfì. Ohun tó sọ nìyí, kí o kọ ọ́ dáadáa, Ìbùkún:

"Mo lè sọ ọ́. Ọmọ yẹn kọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ulé ni mo ti bí yín. Ulé ni mo ti sin yèyé tèmi. Bí mo bá sọ fún Ọlọ́run pé ilé ni mo ń lọ, ibi tí n kò gbé rí ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó tún fa òwú kọjá.

Nígbà tí ọdún kẹta fi ń súnmọ́, àbúrò mi ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ tìṣà kan ní Ìkẹ́rẹ́, kí ó lè máa bá ìwé rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣojú rẹ̀. Yèyé ti na òwú funfun sórí òfì, kíjìpá tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó máa yege. Ó ṣáà ń wun ún. Ó ti wun ún dé ìdajì nígbà tí ìjì kan jà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ká páànù ilé Katikíìsì bí ẹni ń ṣí ìwé, ó gbé e jù sínú oko. Láti ẹnu ọ̀nà wa la ti rí wọn tí wọ́n ń sáré bọ̀: Katikíìsì gbé àpótí ìwé rẹ̀ rù, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ titun mọ́ àyà, gbogbo wọn rin gbingbin.

Yèyé ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ wọ ulé," ni ó wí.

Mo rí Katikíìsì tó dúró. Nínú òjò náà, ó dúró díẹ̀ lórí ìloro, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà gbá a lójú. Lẹ́yìn náà ó wọlé.

Ọmọ wọn kò sunkún mọ́, ó ń gbọ̀n ni. Gbogbo aṣọ tí a ní ni òjò ti pa, torí orí okùn ni wọ́n wà. Yèyé wo inú ilé yíká. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ síbi òfì, ó sì gé kíjìpá funfun náà sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹni tí kò wun aṣọ rí kò lè mọ ohun tí mo ń sọ. Bí o bá gé aṣọ tí kò tíì parí, òwú tó kù á já padà, iṣẹ́ oṣù méjì ti lọ nìyẹn. Ó fi wé ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gbé e sí àárín ọmú rẹ̀ títí ó fi ké.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa. Lẹ́nu wa, kò sí ohun tí wọ́n gbọ́ bí kò ṣe ulé àti uyán. Kí ó tó di pé wọ́n bo ilé tiwọn tán, ìyàwó Katikíìsì ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ káwọn lọ ulé, ọkọ rẹ̀ á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ó bi í ní gbogbo ìbéèrè, ó bi í ní èyí tó kẹ́yìn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Yèyé wọ aṣọ àtijọ́.

"Ulé Baba mi."

Katikíìsì fi bírò lé ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó máa ń pè é ní Ìyá Ulé wí láti orí bẹ́ǹṣì pé, "Katikíìsì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

Kò gbé orí sókè. "Mo gbọ́," ni ó wí. "Mo ti sùn níbẹ̀."

Àbúrò mi dé ní Kérésìmesì, ó bá a pé Yèyé ti di Lìdíà. Ó fò sókè, ó ń lu àyà, ó ní, "Mo kọ́ ọ, ó sì sọ ọ́!" Mo la ẹnu. Yèyé wò mí, mo pa á dé. Ó kí ọmọ rẹ̀, ó ní Tìṣà òun kú iṣẹ́. Nígbà tí àwa méjèèjì dé ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Má bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́." Ìyẹn nìkan.

N kò sì bà á jẹ́. Ọmọ náà di tìṣà lóòótọ́. Ó kọ́ ọmọ ní Adó yìí títí irun rẹ̀ fi funfun. Kíláàsì yòówù tí wọ́n bá fún un, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé ìyá òun ni akẹ́kọ̀ọ́ òun àkọ́kọ́, pé òun kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà ló sì fi gba ìrìbọmi. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó sọ ọ́ níbi òkú Yèyé, ó ń sunkún, àwa náà ń sunkún. Gbogbo ìgbà yẹn, mo jókòó, mo di ọwọ́ mi mú.

Ẹ wá rí ohun tó dé bá mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á fín ọ̀rọ̀ tí Yèyé kọ̀ láti sọ fún Ọlọ́run sí orí rẹ̀, kò sì ní lè dìde gbà á padà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ba ohun tó ní kí n má bà jẹ́ jẹ́. N kò rí oorun sùn dáadáa. Mo gbà á ládùúrà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé Yèyé ní kí n pa á mọ́ fún ọmọ kékeré kan, ọmọ náà sì ti di bàbá àgbà. Ó tó ó gbọ́.

Àná ni ó wá, ó gun ọ̀kadà wá, ó mú ìwé rẹ̀ dání, gíláàsì rẹ̀ wà lórí imú. Ó jókòó síbi tí o jókòó yìí. Ó ní àwọn tí òun kọ́ ti di ọ̀gá káàkiri, wọ́n á máa kọjá níwájú òkúta náà, wọ́n á ní Bàbá Tìṣà kò mọ ilé kọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò kàwé. Ẹ jẹ́ kí àwa tó kàwé kọ ọ́."

Mo ní, "Lóòótọ́, n kò kàwé. Etí ni mo fi gbọ́ tèmi. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ìjì, mo sọ ti aṣọ tí ó gé, mo sọ ohun tí Katikíìsì wí. Bí mo ṣe ń bá a lọ ni mo ń rí i tó ń kéré lórí àga, ẹni ọdún mọ́kànlá ni mo ń wò. Nígbà tí mo parí, ó yọ gíláàsì, ó ń fi etí agbádá nù ún, ó nù ún títí.

Ó wá ní, "Nígbà náà, n kò kọ́ ọ."

Mo ní, "O kọ́ ọ. Mo fi etí mi gbọ́ ọ. Òun nìkan ló wà nídìí òfì, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ó ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí ó rí gan-an. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ yẹn kọ́ òun dáadáa. O kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn mọ ibi tó ń lọ ni."

Ó gbé gíláàsì padà sí imú. Lẹ́yìn náà ó tẹ fóònù rẹ̀, ó pe ọkùnrin olókùúta náà. Ó kí i. Ó ní kí ó fagi lé lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ "ilé" nínú ìwé tí òun ti fún un tẹ́lẹ̀, kí ó fi U sí i. Ọkùnrin náà sọ nǹkan kan, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ wínrín. Àbúrò mi ní, "Rárá o, kì í ṣe àṣìṣe. Tìṣà ni mí. Mo mọ̀ ọ́n kọ."

Ó fi fóònù sápò. Ó ká ìwé rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá uyán ṣì kù nínú ulé yìí.